Ta Ló Fọ́ọ̀sì Ẹ?

Ẹni tó bá jókòó ní Alajue, nínú ìlú Ẹdẹ, láti àárọ̀ títí dìgbà tí wọ́n ń tan iná sórí àtẹ, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tí kò ní ṣàì kan etí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ní kó jẹ ẹ̀bà inú abọ́ tán á sunkún díẹ̀, á ní, "Ẹ má fọ́ọ̀sì mi." Oníbàárà tó ná tòmátì títí tó sú ẹni tó ń tà á, wọ́n á sọ fún un pé wọn ò fọ́ọ̀sì ẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ń ráhùn lábẹ́ igi pé iṣẹ́ tí òun yàn kò mú nǹkan gidi wálé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í bá a dárò lọ títí. Á kàn wò ó lójú, á ní, "Ta ló fọ́ọ̀sì ẹ?"

Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè yìí ti ń jà nínú ọkàn mi. Ẹni tó ń bi í kì í sábà retí èsì, ó fẹ́ pa ẹnu ẹni tó ń ráhùn dé ni. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè gidi ni. Àwọn tó ni èdè yìí ṣáájú wa sì ti fi èsì rẹ̀ pamọ́ sínú àwọn ọ̀rọ̀ tí fọ́ọ̀sì ń lé jáde lẹ́nu wa lónìí.

Bí ará Ẹdẹ kan bá ní túláàsì ni wọ́n fi mú òun, a ti mọ̀ pé ẹnìkan tó jù ú lọ ló pàṣẹ: ọba, ọ̀gá, sójà, tàbí bàbá tí kì í gbọ́ àwáwí. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa la ti yá ọ̀rọ̀ náà, tilas ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, àwa la fún un ní ohùn tiwa. Túláàsì kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run, ènìyàn ló ń ṣe é fún ènìyàn. Dandan yàtọ̀ sí i. Dandan lè má ní olówó orí. Dandan ni kí ilẹ̀ ṣú, dandan ni kí ẹni tó wà láyé kú lọ́jọ́ kan. Ebi lè sọ nǹkan di dandan, àìsàn náà lè sọ ọ́ di dandan, kò sì sí ẹni tí a ó pè lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Bí a bá ní ọ̀ranyàn, òfin tàbí àṣà ló ń sọ̀rọ̀, gbogbo ìlú ló sì ń bá wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ipá ní tirẹ̀ ti kan ara. Wọ́n fi ipá ṣílẹ̀kùn, wọ́n fi ipá gba ilẹ̀, wọ́n fi ipá gba ìjọba. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré nì, "fi", ṣe ń bá ipá rìn bí òjìji. Ipá kì í dá ṣiṣẹ́ nínú èdè wa. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi í ṣe nǹkan, bí a ti ń fi ọ̀bẹ gé iṣu. Bí a bá sì rí iṣu tí wọ́n gé, a ó béèrè ọwọ́ tó di ọ̀bẹ mú.

Kódà "gbọ́dọ̀" tí à ń lò lójoojúmọ́ ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn àgbà ṣì máa ń lò ó fún ìgboyà: ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmọ ọba? Ìyẹn ni pé ta ló láyà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà nígbà tí a bá ní ẹnìkan kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan, ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé àyà rẹ̀ kò gbà á. Ìbẹ̀rù tó wà láàárín ẹni méjì ni, ẹni tó ń bẹ̀rù àti ẹni tí à ń bẹ̀rù, àwọn méjèèjì ló sì hàn síta.

Fọ́ọ̀sì kò bá wa pín nǹkan sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ó kó gbogbo wọn sínú àpò kan, ó sì di ẹnu àpò.

Ibo ni òun fúnra rẹ̀ ti wá? Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, fortis, tó túmọ̀ sí alágbára. Ọmọ rẹ̀ ló di force lẹ́nu àwọn Faransé. Ní 1066, àwọn Norman tí wọ́n ń sọ èdè Faransé la òkun kọjá, wọ́n ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè wọn sì di èdè ààfin àti ilé ẹjọ́ níbẹ̀ fún ìran mélòó kan. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1300, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe force bí ẹni pé tiwọn ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé wọ́n fi ipá mú ni, ẹ̀yìn àwọn tó fi ipá gba ìlú wọn ló bá dé. Èyí máa ń mú mi káàánú àwọn Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ohun tí wọ́n wá fi ṣe wá, àwọn Norman ti kọ́kọ́ fi ṣe wọ́n rí.

Ẹbí ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni fort, odi àwọn jagunjagun. Ọmọ ìyá rẹ̀ náà ni comfort, tí ìtumọ̀ rẹ̀ nípìlẹ̀ jẹ́ pé ká fún ẹni tó rẹ̀ ní okun. Àwọn ìyá tí wọ́n sọ ní Comfort ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ti di ìyá àgbà báyìí, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ àti fọ́ọ̀sì tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń pè láti inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Látorí okun ara, force di orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Lẹ́yìn náà wọ́n ní òfin tó bá ti ń ṣiṣẹ́ wà nínú force. Ó di ọ̀rọ̀ ìṣe: kí o mú ènìyàn ṣe ohun tí kò fẹ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bí wọ́n bá ní ọkùnrin kan force obìnrin kan, ìwà ọ̀daràn tí ìwé ìròyìn wa ń pè ní ìfipábánilòpọ̀ ni wọ́n ń sọ. Isaac Newton ní tirẹ̀ kọ ìwé Principia ní Látìn, ó jáde ní 1687, àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sì fi force pe ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á. Ọmọ ilé ìwé gíga ní Ẹdẹ ń há a sórí títí dòní pé ó jẹ́ ìwọ̀n ohun kan lọ́nà yíyára rẹ̀ tó ń pọ̀ sí i. Fọ́ọ̀sì ti Newton kò mọ ìkà, kò mọ àánú. Okùn tó ń fa garawa jáde nínú kànga kò bínú sí garawa.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà lójú tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún okun apá àgbẹ̀, fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun, fún okùn kànga, àti fún ẹni tó ń fi ìyà jẹ ẹlòmíràn. Nígbà tí alágbára bá fi í pe ara rẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ á fara pamọ́ sẹ́yìn okun rẹ̀. Yorùbá náà máa ń sọ pé wọ́n fi agbára mú un, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n agbára fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi lẹ́nu wa, a máa ń gbàdúrà fún un. Ìgbà tí ẹnìkan bá gbé e lé ọmọlàkejì lórí ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa kọ́kọ́ fojú rí force kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu. Ní ìparí oṣù Júláì 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe Ọba Dòsùnmú ti Èkó wá sínú ọkọ̀ ogun Prometheus, wọ́n sì sọ fún un pé Ọbabìnrin England ń fẹ́ ìlú rẹ̀. Ìbọn ńlá ọkọ̀ náà dojú kọ erékùṣù. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ sí ìwé. Ìwé yẹn kò sọ̀rọ̀ ìbọn rárá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọba náà, pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀, fi Èkó tọrẹ. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ kékeré kan jọ fún ilé kọ́ńsọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣọ́ náà sì ń dàgbà, ó ń yí orúkọ padà, títí di 1930 tí ìjọba amúnisìn da àwọn ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀, tí wọ́n sì sọ wọ́n ní Nigeria Police Force. Àwa ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. A wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, a ní ọlọ́pàá, bí a ti wo idà lọ́wọ́ ìránṣẹ́ ọba láyé àtijọ́ tí a pè é ní akódà. Orúkọ tiwa kò gbé agbára kankan fún wọn ju igi tí wọ́n mú dání lọ.

Ọdún 1930 náà, ní oṣù Júùnù, ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, ṣe àdéhùn kan ní Geneva láti fi òpin sí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní forced labour. Wọ́n ní iṣẹ́ túláàsì ni iṣẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ ènìyàn lábẹ́ ìhàlẹ̀ ìyà, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dé ọlọ́pàá Nàìjíríà ládé ní ọdún yẹn, òun náà ni wọ́n fi pe ìwà tí wọ́n ń lé kúrò láyé.

Wọ́n sì ní ìdí láti lé e. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ẹdẹ kọjá, ó dé Òṣogbo ní 1907. Lẹ́yìn irin ni títì, títì sì ń fẹ́ ọwọ́ tí yóò la á. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọba àti baálẹ̀ ni òyìnbó ń rán níṣẹ́ pé kí wọ́n kó ènìyàn jáde. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, iṣẹ́ títì tí a kì í sanwó fún wà lára ohun tó mú kí àwọn ará oko gbé ìbọn ní 1918, nígbà tí wọ́n tún gbé owó orí lé e. Wọ́n hú irin ojú rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù. Ogun Adùbí ni a ń pè é títí dòní. Òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀tẹ̀, àwọn tó jà á sì mọ̀ pé túláàsì làwọn ń kọ̀.

Ẹdẹ kò nílò òyìnbó kó tó mọ túláàsì ṣá. Ìtàn bí wọ́n ṣe dá ìlú náà sílẹ̀ kún fún un. Tímì Àgbàlé Ọlọ́fà Iná, ọdẹ tí ọfà rẹ̀ ń gbiná, kò dédé wá tẹ̀dó. Aláàfin ló rán an wá sí Ẹdẹ Ilé láti ṣọ́ ẹnu ààlà ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé Aláàfin Kòrí ni. Eré Dúró Ládípọ̀, Ọba Kò So, tí wọ́n gbé lọ sí Berlin ní 1964, gba ọ̀nà mìíràn, ó ní Ṣàngó ni. Ti Ṣàngó ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun ni n ó sì tẹ̀ lé, nítorí kò sí ibi tí mo tún ti rí gbogbo ọ̀rọ̀ wa wọ̀nyí tí wọ́n péjọ báyìí.

Ọba ń bẹ̀rù àwọn balógun rẹ̀ méjì. Ó rán ọ̀kan, Tímì, lọ sí Ẹdẹ, bóyá wọn á pa á lọ́hùn-ún. Wọn ò pa á, ó di ọba ìlú. Ó wá rán ìkejì, Gbọ̀ọ́nkáà, pé kó lọ mú Tímì wá. Kí ni Gbọ̀ọ́nkáà ì bá ṣe? Kò bá Tímì jà rí, kò sì jọ pé ó kórìíra rẹ̀. Àṣẹ ọba ni, túláàsì gan-an nìyẹn, ó sì lọ. Oògùn ló fi kun Tímì lóorun, tó fi mú un dé Ọ̀yọ́. Ọba wá ní kí wọ́n jà lójú òun. Gbọ̀ọ́nkáà pa Tímì. Níbi yìí ni ìtàn náà ti yí padà, torí ẹni tí wọ́n fi túláàsì sọ di apànìyàn bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹni tó rán an níṣẹ́. Kò béèrè ẹni tó fọ́ọ̀sì òun. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ní kí Ṣàngó kúrò lórí oyè, kíkúrò Ṣàngó sì di dandan.

Ìran lẹ́yìn ìran ló ti jókòó sórí àga Tímì láti ìgbà náà. Àwọn Kristẹni wà nínú wọn, bíi Adétóyèṣe Láoyè tó jọba láti 1946 sí 1975, ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, bíi Habibu Lágúnjú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìlú tí ẹ̀sìn mẹ́ta ti ń jẹun nínú abọ́ kan ni Ẹdẹ. Ìwé ńlá kan jáde lórí rẹ̀ ní 2017, Insa Nolte, Olúkòyà Ògèn àti Rebecca Jones ló ṣe olótùú rẹ̀. Àwọn ààfáà ìlú náà ní ọ̀rọ̀ kan tí n kò fẹ́ kó sọnù: ìjẹnípá. Bí wọ́n bá ń wàásù lórí súrà kejì nínú Kùránì, ẹsẹ 256, òun ni wọ́n fi ń ṣàlàyé pé a kì í fi agídí mú ènìyàn wọ ẹ̀sìn. Nínú ilé tí ìyá ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí bàbá ń kírun, tí bàbá àgbà ṣì ń bọ, ọ̀rọ̀ yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́.

Ọ̀ranyàn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Jánúárì 1955. Nígbà tí òfin 2004 wá sọ pé òbí tó bá fi ọmọ rẹ̀ sílé láìlọ sí ilé ìwé ti ṣẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì pe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní compulsory. Ọ̀rọ̀ yẹn wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí dída ẹran jọ lọ síbì kan. Nínú ìwé òfin wọn, compulsory àti forced máa ń rìn pọ̀. Apá 34 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ka iṣẹ́ túláàsì léèwọ̀, kó tó yọ iṣẹ́ àjọṣe ìlú àti ìsìnrú ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe láti 1973 sọ́tọ̀. Ẹ gbọ́ bí Yorùbá ti ń sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà kankan rí pé ẹ̀kọ́ túláàsì. Kò sì sí ẹni tó ń pe ẹrú ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀ranyàn.

Ibi tó dùn mí jù ni ti gbèsè.

Johnson, tó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n tí wọn ò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, fara balẹ̀ ṣàlàyé ìwọ̀fà. Ẹni tó yáwó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó ni èlé, owó gan-an ṣì dúró síbẹ̀ láìdín kọ́bọ̀. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, wọn kì í tà á, ọmọ ìlú tó lórúkọ ni, ọjọ́ tí owó bá pé ni ó ń lọ sílé. Kò sí ẹni tó dè é lókùn. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sóko yẹn láàárọ̀. Ǹjẹ́ wọ́n fọ́ọ̀sì ẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì á ronú títí. Yorùbá ti ní "sìngbà" fún un, sìn àti gbà nínú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, torí náà ohun tó gbà ló ń mú un sìn.

Bí ẹni tó jẹ gbèsè kò bá rí ìwọ̀fà fi lélẹ̀, ológò ń bọ̀. Olówó á rán ọkùnrin kan tó mọ bí a ti ń dójú tini, á wá jókòó sílé onígbèsè, á dógò tì í. Á máa jẹ, á máa mu, á máa pariwo, á máa mú adìẹ tó bá kọjá, títí àwọn ará ilé yóò fi wá owó ní ibi tí owó wà. Kò ní na ẹnikẹ́ni. Jíjókòó rẹ̀ nìkan ti tó.

Wọ́n ní ológò ti parí. Ní ọjọ́ kan ní Alajue, mo rí ọ̀dọ́kùnrin méjì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, lórí bẹ́ǹṣì níwájú ìsọ̀ obìnrin kan tó ń ta àgbo àti ewé. Láti agogo mẹ́wàá ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Owó tí àwọn obìnrin ń yá ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni, èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ ń dúró fún ara wọn. Bí ẹnìkan kò bá mú tirẹ̀ wá, àwọn tó kù kò ní lọ sílé. Àwọn ènìyàn ní orúkọ fún irú owó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní gbómúlélàńtà, ẹni tó ń yáni ní èlé gọbọi sì ni sógúndogójì, ẹni tó ń sọ ogún di ogójì. Àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìtìjú wọn hàn ju ti obìnrin náà lọ.

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kò sí ẹni tó gbé ọjà rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dé, kí ni a ó sọ fún un? Nínú ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá mọ̀, kò sí fọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Samuel Johnson bá jí dìde lórí títì yẹn, kò ní béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Á wo bẹ́ǹṣì náà, á pe ohun tó wà lórí rẹ̀ lórúkọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà, èyí tó kéré jù, tó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, sọ ọ́ jáde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fọ́ọ̀sì yín pé kẹ́ ẹ yáwó?"

Obìnrin náà ń ká ewé rẹ̀ jọ. Kò gbójú sókè.

"Kò sẹ́ni tó fọ́ọ̀sì mi, ọmọ mi. Ọmọ mi ló ṣàìsàn, ó di dandan."

Àwọn obìnrin mẹ́rin tó wà lórí àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í tú etí ìró wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.